Ẹ jẹ́ ká béèrè ọkọ̀ ojú irin Òṣogbo padà, kí àwa ará Àkúrẹ́ náà lè bá a pàdé

Ọmọ Òkè-Àró

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo sin ọmọ mi obìnrin lọ sí gáréèjì Iléṣà, ilé ìwé wọn ti wọlé ní Ìbàdàn. Aago méje ò tíì lù tá a débẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan wà lórí ìlà, ó ku èrò méjì. A jókòó dè wọ́n. Èrò méjì yẹn ò yọjú títí aago mẹ́sàn-án fi kọjá. Ìgbà tí ọkọ̀ wáá kún, ẹni mẹ́rin ni wọ́n fún mọ́ ibi tó yẹ kí ẹni mẹ́ta jókòó, báàgì ọmọ mi wà lẹ́yìn, bọ́ọ̀tù ò pa dé, wọ́n bá fi okùn ìsáṣọ so ó. Okùn aláwọ̀ ewé báyìí, irú èyí tí ìyàwó mi fi ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo dúró, mò ń wo okùn yẹn títí ọkọ̀ fi yà tí mi ò rí i mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ọdún 1896 ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to irin rélùwéè láti Èkó. Wọ́n ṣí ti Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá lọ sókè. Láti Àkúrẹ́ dé Òṣogbo, tá a bá gba Iléṣà, nǹkan bíi kìlómítà 110 ni.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ béèrè ò pọ̀. Kí ọkọ̀ èrò máa rìn déédéé láti Èkó sí Ìbàdàn sí Òṣogbo lórí irin àtijọ́ yẹn, kó má jẹ́ ti Iléyá àti Kérésì nìkan. Kí bọ́ọ̀sì tó ní àsìkò máa gbéra ní Àkúrẹ́ lọ pàdé rẹ̀, kí èèyàn ra tikẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún méjèèjì. Irin tó máa wọ Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀, kó tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lẹ́tà ni mo fẹ́ kọ. Ta ló máa bá mi fọwọ́ sí i?

Kò Kàn Mí

"Padà" kẹ̀? Ìgbà wo ni ọkọ̀ ojú irin wọ Àkúrẹ́ rí tó fi ń padà? Ó dà bí ẹni tí kò bímọ rí tó ń kéde ọmọ tó sọ nù. Ẹ kọ́kọ́ bá wa béèrè iná ná.

Bàbá Pẹ́ńṣàn

Kò Kàn Mí, ọmọ mi, ó kàn ọ́ o.

Òótọ́ ni pé irin ò wọ Àkúrẹ́. Àmọ́ ká má parọ́ pé àwa ò wọ rélùwéè. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Ìdájí la gun bọ́lẹ̀kájà ní ẹ̀bá Ọjà Ọba, a gba Ìgbàrà-Òkè, a gba Iléṣà, ọ̀sán la dé Òṣogbo. Orí ẹní la sùn sí ní ìdíkọ̀, àwa àti àwọn ará Èkìtì, àwa àti àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń lọ ta aṣọ lókè Ọya. Tikẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn, páálí kékeré ni, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ó le. Akọ̀wé á fi irin kan lu ihò sí i. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá sọ ọ́ nù, màá san owó méjì, ni mo bá fi í sínú fìlà. Mo dé Kàdúná, mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Mo tú gbogbo ẹrù mi sílẹ̀ lójú gbogbo ayé kí ẹnì kan tó ní, "Ọmọdé, ṣí fìlà ẹ."

Tá a bá dé Ọ̀fà, àwọn obìnrin á máa na ànàmọ́ sísè wọlé lójú fèrèsé, ó ṣì ń gbóná. Tá a bá dé orí afárá Jẹ́bbà lóru, gbogbo kóòṣì á dákẹ́, ariwo irin nìkan lẹ ó máa gbọ́ lórí omi.

Òṣogbo ni Àkúrẹ́ fi ń wọ rélùwéè. Tí ó bá padà sí Òṣogbo, ó ti padà sọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ní Oṣù Kejìlá 2012 tí wọ́n tún tú ọkọ̀ Èkó sí Kánò sílẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, inú mi dùn bí ọmọdé. Kò pẹ́ tó tún ń ṣe bí aláìsàn, ó ń lọ lónìí, kò lọ lọ́la. Ẹ wá wo ìgbà ọdún, tí ìjọba Ọ̀ṣun láyé Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó. Èèyàn kún inú kóòṣì dé ẹnu ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ní sí èrò.

Dẹ́rẹ́bà Síẹ́nà

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró, mo kí yín. Ẹ sọ ti okùn, ẹ ò sọ ti àwa tá a so okùn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ. Kí n tó kúrò nínú gáréèjì, mo ti san owó ìlà, mo ti san ti tikẹ́ẹ̀tì, mo ti fún ẹni tó ń pe èrò ní tiẹ̀. Epo tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 190 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní 2023, ọjọ́ díẹ̀ ló fi kọjá 500, ẹ sì mọ ibi tó dé lẹ́yìn ìyẹn. Tí mo bá kó ẹni mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń ṣiṣẹ́ fún ilé epo ni. Ẹnì kẹrin yẹn gan-an ni èrè mi. Mi ò ní kó dára o. Bó ṣe rí ni mò ń sọ.

Ní ti rélùwéè, ẹ̀rù ẹ̀ ò bà mí bẹ́ ẹ ṣe rò. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà, ìdíkọ̀ Ìbàdàn, ta ló ń gbé e dé Ìwó Road? Awa náà ni. Irin ò wọ àdúgbò. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni pé kí ìjọba má lọ ra bọ́ọ̀sì ńláńlá tuntun fún ìpàdé ọkọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ yìí, kí wọ́n gbé e fún ènìyàn wọn, kí àwa máa wò. Ẹ kọ ìyẹn sínú lẹ́tà yín kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tí àwọn ọ̀gá mi ò ní fẹ́ gbọ́: Àkúrẹ́ sí Òṣogbo, lílọ bíbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí n sùn sílé mi lálẹ́, ó sàn fún mi ju Èkó lẹ́ẹ̀kan tí orúnkún mi á máa ta dé ọjọ́ kejì.

Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀

Ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣáà ń sọ ti èrò. Ẹrù ńkọ́?

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń kó láti àwọn oko tó wà lápá Ìdànrè lọ sí Èkó. Tá a bá bẹ́ ẹ lónìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ nìyẹn. Oṣù tó kọjá, táyà ọkọ̀ tó kó o fọ́ kó tó dé Orè. Wọ́n ń wá táyà títí ilẹ̀ fi ṣú, ilẹ̀ mọ́, oòrùn mú un lórí ọkọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò mọ̀ pé táyà ló fọ́. Ìgbà tó dé Mile 12, èyí tó yẹ kó ṣì le ti pọ́n, èyí tó pọ́n ti rọ̀. Oníbàárà mi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, kò sọ̀rọ̀. Iye tó fún mi, ẹ jẹ́ n fi sínú ara mi.

Tí ọkọ̀ ojú irin yín ò bá ní kóòṣì ẹrù, ẹ má wulẹ̀ pè mí.

Awọ̀nlẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i nítorí àwọn nǹkan kan wà tó yẹ ká mọ̀ kí a tó kọ lẹ́tà tí wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín.

Irin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà. Ti àtijọ́ tó dé Òṣogbo, àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 1067. Ti tuntun tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kẹfà 2021, Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tiẹ̀ jẹ́ 1435. Kóòṣì tó ń sáré lórí tuntun ò lè gun ti àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè sọ pé "kí ọkọ̀ Mọníyà kàn máa bọ̀ ní Òṣogbo". Yálà kí wọ́n tún irin àtijọ́ ṣe kí kóòṣì rẹ̀ máa rìn, tàbí ká dúró de tuntun. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà fọwọ́ sí àdéhùn Ìbàdàn sí Kàdúná, dọ́là bílíọ̀nù 6.68, ẹ̀ka kan sì wà nínú rẹ̀ láti Òṣogbo lọ sí Adó-Èkìtì. Ẹ fojú inú wo ìyẹn. Tí ó bá dé Adó, ó ku nǹkan bíi kìlómítà 50 péré kó wọ Àkúrẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ lẹ́tà lórúkọ Àkúrẹ́ tí kò mẹ́nu ba ẹ̀ka yẹn, ó ti fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì.

Èkejì, ọ̀dọ̀ ta la ń kọ ọ́ sí? Gbogbo èèyàn á ní Àbújá. Títí di 2023, òótọ́ ni, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin fi rélùwéè sí. Ní Oṣù Kẹta 2023, Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí àtúnṣe Òfin Ìpìlẹ̀ tó gbé rélùwéè bọ́ sínú ohun tí àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ lè jọ ṣòfin lé lórí. Nítorí náà Alágbàká, ìyẹn ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ò lè máa sọ fún wa mọ́ pé kò sí lọ́wọ́ àwọn. Kódà kí òfin yẹn tó yí padà, Èkó ti ń kọ́ tiẹ̀. Blue Line, kìlómítà 13, Marina sí Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní Oṣù Kẹsàn-án 2023. Red Line, Agbádó sí Oyíngbó, kìlómítà 27, bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2024, orí irin tuntun ti ìjọba àpapọ̀ ló sì ń gbà. Èkó kọ́ ìdíkọ̀ àti afárá, ó ra ọkọ̀, irin wà nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ lè fi ọkọ̀ tirẹ̀ sórí irin àpapọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ló kù. Ilẹ̀. Mo mọ bí ilé ṣe ń yọ lójú ọ̀nà Ìlárá, lójú ọ̀nà Ọ̀dà, lọ́nà Ọ̀wọ̀ dé ẹ̀bá pápákọ̀ òfuurufú. Oko kòkó lónìí, páńtí búlọ́ọ̀kù lọ́la, ilé alájà méjì lọ́dún tó ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ò fẹ́ràn òkè. Kí ilẹ̀ ga sókè ní mítà 1 láàrin mítà 100, iṣẹ́ ti dé fún un nìyẹn. Ẹ sì wo Àkúrẹ́, àpáta ló yí wa ká. Láàrin àwọn òkè yìí, ibi tí irin lè gbà láìlu ihò sínú àpáta ò pọ̀, àwọn ibi pẹrẹsẹ yẹn náà sì ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ ń sáré sí. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso Gómìnà. Kí wọ́n wọn ọ̀nà kan láti Iléṣà wọ Àkúrẹ́, òmíràn láti Adó, kí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni níwèé ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Kò gba bílíọ̀nù dọ́là. Àwa awọ̀nlẹ̀, símẹ́ńtì àti ọkọ̀ Hílúùsì méjì ló gbà. Tí wọn ò bá ṣe é báyìí, ọmọ wa á wá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé àwọn ọmọ wa.

Kò Kàn Mí

Awọ̀nlẹ̀, ẹ ń wá iṣẹ́ fún ara yín ni.

Awọ̀nlẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó sọ ọ́ di irọ́?

Ará Ìkàrẹ́

Àkúrẹ́, Àkúrẹ́, Àkúrẹ́. Láti Oṣù Kejì 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ la ti ń gbọ́ orin yìí. Táa bá ní ká pín nǹkan, Àkúrẹ́ á kọ́kọ́ mú, Oǹdó á mú, Ọ̀wọ̀ á mú, Àkókó á wá fọ àwo.

Ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Àwa tá a wà ní Ìkàrẹ́ súnmọ́ Itakpe ju Òṣogbo lọ. Tá a bá ti kọjá Ọkẹ́nẹ́, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Irin wà ní Itakpe, tuntun, ó lọ dé Wárì, ó gba Ajaokuta àti Agbor. Kí ló dé tí lẹ́tà yín ò mẹ́nu ba bọ́ọ̀sì láti Ìkàrẹ́ lọ pàdé ọkọ̀ Itakpe? Ọjà wa ń lọ sí Wárì. Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí n rán yín létí nǹkan kan nípa irin Itakpe yẹn kí ẹ má bàa fò sókè jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1987. Oṣù Kẹsàn-án 2020 ni wọ́n ṣí i. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti pé 33, ó ti ṣeé ṣe kó ti níyàwó, kó ti kọ̀ ọ́.

Ará Orè

Ẹ̀yin ará òkè, ẹ rọra. Irin mìíràn tún wà nínú ètò, ti Èkó sí Calabar, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá 2014, kìlómítà 1,402, tó sún mọ́ dọ́là bílíọ̀nù 12, Orè ló gbà. Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Orè, Bìní. Ọ̀kan ṣoṣo tó ní kí òun fẹsẹ̀ kan ìpínlẹ̀ wa ní tààràtà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká jà fún ìyẹn. Ó le kú, ìjà Orè!

Ọmọ Òkè-Àró

Ará Orè, mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti 2014 títí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, èmi ò tíì rí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Orè. Ohun tí mò ń sá fún gan-an nìyẹn. Tá a bá béèrè ohun tó tó bílíọ̀nù 12, ìdáhùn tó rọrùn jù ni "a ti gbọ́, ó wà nínú ètò". Tá a bá béèrè bọ́ọ̀sì tó ń gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi sínú ètò ogún ọdún. Ó máa gbéra ni, tàbí kó má gbéra, gbogbo wa á rí i.

Ará Ìkàrẹ́, ẹ jàre. Mo gbà. Bọ́ọ̀sì Ìkàrẹ́ sí Itakpe á wà nínú rẹ̀. Ẹ má bínú.

Ará Ìkàrẹ́

Ẹ kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ o, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi òǹtẹ̀ bò ó.

Òtútù Ò Pa Mí

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Edinburgh ni mò ń gbé. Irú ohun tí ẹ ń sọ yìí gan-an ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Galashiels, mo sì mọ ìtàn rẹ̀ nítorí pé àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò yé sọ ọ́.

Irin kan wà láti Edinburgh tó gba àwọn ìlú kéékèèké ní ìhà gúúsù Scotland lọ dé Carlisle. Ní 1963, ẹnì kan tó ń jẹ́ Beeching kọ ìwé fún ìjọba pé kí wọ́n ti ọ̀pọ̀ irin tí kò mówó wọlé, èyí sì wà lára wọn. Obìnrin kan ní Hawick, Madge Elliot, ìyàwó ilé lásán, kó ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará ìlú fọwọ́ sí, ó gbé e lọ sí ilé olórí ìjọba ní London ní Oṣù Kejìlá 1968. Wọn ò dá a lóhùn. Oṣù Kìn-ín-ní 1969 ni wọ́n tì í. Ní alẹ́ tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń kọjá, àwọn ará abúlé Newcastleton lọ ti géètì ojú irin, ọkọ̀ dúró gbọn-in, ọlọ́pàá dé, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1999, àwọn kan tún kó ara wọn jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Oṣù Kẹsàn-án 2015 ni ọkọ̀ tún rìn, láti Edinburgh dé Tweedbank. Irin tí wọ́n tún tò jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 48, ká sọ pé Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìrìn àjò tí èrò wọ̀ ọ́ lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn tó ní kò ní sí èrò, mi ò mọ ibi tí wọ́n wọlé sí.

Ohun tí mo fẹ́ fi ran Awọ̀nlẹ̀ lẹ́nu rèé. Láàrin ọdún 46 tí irin yẹn fi wà ní títì, títì márosẹ̀ tó yí Edinburgh ká ti gba orí rẹ̀ kọjá. Ìgbà tí wọ́n padà wá, wọ́n ní láti gbẹ́ ọ̀nà mìíràn gba abẹ́ rẹ̀. Owó tí ìyẹn jẹ! Àti pé kí owó má bàa pọ̀ jù, irin kan ṣoṣo ni wọ́n tò sí ibi tó pọ̀ jù, ibi díẹ̀ ni ọkọ̀ méjì ti lè yà fún ara wọn. Tí ti iwájú bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti èmi náà á dúró sínú igbó máa dè é. Mo ti jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tán nínú igbó yẹn rí, àgùntàn ń wò mí.

Ní ti Hawick, ìlú obìnrin yẹn, irin ò tíì padà débẹ̀. Tweedbank ló parí sí. Wọ́n ṣì ń kọ̀wé.

Kò Kàn Mí

Ìtàn dídùn ni. Scotland ò ní àwọn ajínigbé nínú igbó, àgùntàn ló wà níbẹ̀. Àwa ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná, ọjọ́ 28 Oṣù Kẹta 2022? Wọ́n fi bọ́ǹbù dá ọkọ̀ dúró, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn lọ. Dẹ́rẹ́bà lè yíwọ́ padà tó bá rí nǹkan níwájú. Ọkọ̀ ojú irin ò mọ yíyà.

Dẹ́rẹ́bà Síẹ́nà

Níbi tí mo ti ń wo igbó kọ̀ọ̀kan lọ́nà Ọ̀wọ̀, ẹ má sọ pé mo lè yíwọ́ padà. Táwọn yẹn bá jáde, ẹ̀yìn ẹ ni wọ́n wà, iwájú ẹ ni wọ́n wà. Àdúrà là ń fi wakọ̀.

Bàbá Pẹ́ńṣàn

Ọ̀rọ̀ Kò Kàn Mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọtì. Ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n dá ọkọ̀ yẹn dúró fún oṣù mẹ́jọ, Oṣù Kejìlá 2022 ló tó padà, wọ́n sì ní ẹni tó bá máa ra tikẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà NIN rẹ̀ wá. Kí lẹ́tà wa béèrè ẹ̀ṣọ́ lórí irin, kí Àmọ̀tẹ́kùn àwọn ìpínlẹ̀ tí ó gbà kọjá mọ̀ sí i. Àmọ́ ọmọ mi, a ò ti ọ̀nà Ọ̀wọ̀ pa nítorí ajínigbé.

Ọmọ Òkè-Àró

Mo ti kọ ọ́. Ẹ bá mi wò ó, ó kúrú:

"Sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́; ẹ̀dà sí Gómìnà àti sí àjọ rélùwéè. Àwa tá a fọwọ́ sí ìwé yìí ń béèrè pé: kí ìpínlẹ̀ wa bá Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ èrò máa rìn ní ọjọ́ tí a mọ̀, ní wákàtí tí a mọ̀, láàrin Èkó àti Òṣogbo, kí bọ́ọ̀sì máa gbéra ní Àkúrẹ́ lọ pàdé rẹ̀, kí òmíràn sì máa gbéra ní Ìkàrẹ́ lọ pàdé ọkọ̀ Itakpe, kí a fi bọ́ọ̀sì wọ̀nyí sọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ti wà nínú gáréèjì, kí wọ́n wọn ọ̀nà irin láti Iléṣà àti láti Adó wọ Àkúrẹ́ kí wọ́n sì dá ilẹ̀ rẹ̀ dúró kí ọdún yìí tó parí, kí ẹ̀ṣọ́ wà."

Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀

Kóòṣì ẹrù dà?

Ọmọ Òkè-Àró

Màámi, ẹ forí jì mí. Mo ti fi kún un: "kí kóòṣì ẹrù kan ó kéré tán wà lẹ́yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọjà tó ń bàjẹ́."

Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀

Tó ní fèrèsé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mí.

Awọ̀nlẹ̀

"Tó ní fèrèsé" yẹn, ẹ má yọ ọ́. Ẹni tó ka gbogbo lẹ́tà ò ní gbàgbé ìyẹn.

Ohun kan kù. Wọ́n á béèrè iye èèyàn tó ń lọ. Ta ló lè kà wọ́n?

Dẹ́rẹ́bà Síẹ́nà

Mo ti kà á. Láàárọ̀ òní, mi ò gbé ọkọ̀, ìlà ò tíì kàn mí, mo jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé jótà ọmọ mi. Láti aago mẹ́fà sí mẹ́wàá, ọkọ̀ 14 ló jáde lọ sí apá Iléṣà, Òṣogbo àti Ìbàdàn láti inú gáréèjì kan ṣoṣo. Mi ò ka àwọn tó ń kó èrò lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ni wọ́n pọ̀ jù. Mo bi èrò kọ̀ọ̀kan léèrè ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn kan dá mi lóhùn, ìyá kan ní ṣé ọlọ́pàá ni mí. Mo máa kà á fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ kàn bá mi wá bírò mìíràn, èyí ti ń tán.

Òtútù Ò Pa Mí

Ẹ gbé ìwé yẹn kalẹ̀ kí ẹ yà á ní fọ́tò. Ìwé jótà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Òkè-Àró

Ó dára. Ká pàdé lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá, ká jọ fọwọ́ sí i. Ilé mi ò jìnnà sí ọ̀nà Ọba Adésidà, màá fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí inú àpótí yín.

Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀

Sátidé kọ́. Inú oko ni mo máa wà.

Bàbá Pẹ́ńṣàn

Ẹ jẹ́ kó di Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

Dẹ́rẹ́bà Síẹ́nà

Bàbá, Àìkú ni gbogbo ọmọ iléèwé ń padà. Ọjọ́ yẹn ni mò ń rówó.

Kò Kàn Mí

Mọ́ńdé ńkọ́, aago mẹ́rin? Ilé iṣẹ́ tiwa ń pa ní mẹ́ta àbọ̀. Mi ò ní mo máa fọwọ́ sí i o. Mo fẹ́ wá wo ìwé jótà yẹn ni.

Ọmọ Òkè-Àró

Mọ́ńdé, aago mẹ́rin. Màámi, ẹ bá wa mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ bọ̀, èyí tí kò tíì rọ̀.